Dáyámọ́ńdì tí a fi ike ṣe: bí àwọn onímọ̀ físíìsì ṣe mú kí ìṣùpọ̀ ike to ara wọn nínú omi

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, David Pine, onímọ̀ físíìsì ní Yunifásítì New York, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kéde nínú ìwé ìròyìn Nature pé àwọn ti rí dáyámọ́ńdì mú jáde nínú omi. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lérèfé á rò pé ẹ̀gbà ọrùn ló kàn. Rárá o. Kì í ṣe átọ́ọ̀mù kábọ́ọ̀nù ló tò di dáyámọ́ńdì tiwọn, kò sì sí oníṣòwò góòlù tó máa fi kọ́bọ̀ rà á. Ike ni wọ́n fi ṣe é. Ìṣùpọ̀ ike kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí ni wọ́n dà sínú omi, tí wọ́n sì fi sílẹ̀ kí wọ́n wá ara wọn rí, kí wọ́n so mọ́ra, kí kálukú sì jókòó sí irú ipò tí àwọn átọ́ọ̀mù kábọ́ọ̀nù ń jókòó sí nínú dáyámọ́ńdì gidi. Ẹnikẹ́ni kò fi ọwọ́ tò wọ́n, ẹ̀rọ kankan kò sì gbé wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Láti ọdún 1990 ni àwọn onímọ̀ ti ń lé nǹkan yìí. Ọgbọ̀n ọdún gbáko. Lẹ́yìn tí Pine àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì rí i mú, àwọn mìíràn ní Jámánì gba ọ̀nà tiwọn débẹ̀ ní 2024, ọ̀rọ̀ náà sì tún gbóná sí i. Mo gbà pé ó yẹ kí àwa náà mọ ohun tó ń lọ níbẹ̀, torí pé ohun tí wọ́n ń wá kiri níbẹ̀ kan íńtánẹ́ẹ̀tì tí à ń lò lójoojúmọ́, ó sì tún kan ìbéèrè kan tó jinlẹ̀ ju íńtánẹ́ẹ̀tì lọ: báwo ni ohun tí kò lẹ́mìí, tí kò ní ọpọlọ, ṣe ń to ara rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ?

Ohun tí kì í rì, tí kì í yòrò

Thomas Graham, onímọ̀ kẹ́mísírì ọmọ Scotland, ló sọ irú nǹkan wọ̀nyí ní kọ́lọ́ìdì ní 1861. Kọ́lọ́ìdì ni ohun kéékèèké tó fọ́n káàkiri inú ohun mìíràn, tí kò yòrò sínú rẹ̀ bí iyọ̀ ṣe ń yòrò, tí kò sì tètè rì sísàlẹ̀. Mílíìkì wà lára wọn, ọ̀rá tó fọ́n ká inú omi ni. Ọ̀dà tí à ń fi kun ilé wà níbẹ̀, yíǹkì wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ara wa náà kò gbẹ́yìn. Oje funfun tó ń kán lára igi rọ́bà ní àwọn oko ìpínlẹ̀ Ondo àti Edo, kọ́lọ́ìdì ni. Ìwọ̀n wọn máa ń bẹ̀rẹ̀ láti nanomítà kan títí dé nǹkan bíi máíkírọ́ọ̀nù kan. Máíkírọ́ọ̀nù jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà, nanomítà sì jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún máíkírọ́ọ̀nù. Ìbú irun orí ẹyọ kan tó bíi máíkírọ́ọ̀nù 70, kí ẹ lè mọ bí wọ́n ṣe kéré tó. Ògì tí a pò sómi kò sí nínú wọn, torí hóró rẹ̀ tóbi jù. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń sìlẹ̀ tí omikan á sì lékè.

Kí ló gbé kọ́lọ́ìdì dúró tí kò fi rì? Mólíkù omi ni. Mólíkù omi kì í sinmi, gbogbo ìgbà ni wọ́n ń sáré, tí wọ́n ń kọlu ohunkóhun tó bá wà láàárín wọn. Wọn ò lè mi òkúta, ṣùgbọ́n ohun tó kéré tó máíkírọ́ọ̀nù kan, wọ́n á máa tì í síhìn-ín sọ́hùn-ún láìdúró. Robert Brown, onímọ̀ nípa ewéko, rí i lábẹ́ máíkírósíkóòpù ní 1827: àwọn ẹ̀rún kéékèèké láti inú àtíkè òdòdó ń jó nínú omi láìsí ohun tó ń tì wọ́n lójú. Ó kọ́kọ́ rò bóyá ẹ̀mí wà nínú wọn. Ó wá gbé ẹ̀rún òkúta sínú omi, ìyẹn náà ń jó. Ọdún 1905 ni Einstein ṣàlàyé ìdí rẹ̀, Jean Perrin sì fi ìdánwò kà á, ó wọ̀n ọ́n ní Paris, iṣẹ́ tó gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 1926. Títí di àsìkò yẹn, àwọn ọ̀mọ̀wé ńláńlá ṣì wà tí wọn ò gbà pé átọ́ọ̀mù wà ní ti gidi. Ijó kọ́lọ́ìdì ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́.

Ẹ jẹ́ ká di ijó yìí mú dáadáa, torí òun ni òṣìṣẹ́ inú gbogbo ìtàn yìí. Ohun kéékèèké tí kò bá jó kò lè gbìyànjú ipò kan kó sì fi í sílẹ̀ fún òmíràn, níbi tó bá balẹ̀ sí ni yóò wà títí. Ohun tó ń jó máa dán ipò yìí wò, á dán tọ̀hún wò, títí tó fi máa bọ́ sí èyí tó bá a mu jù.

Bí ètò ṣe ń ti inú ìdàrúdàpọ̀ jáde

Ohun tó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu jù nínú ẹ̀kọ́ yìí ni pé àwọn nǹkan wọ̀nyí kò nílò kí wọ́n fa ara wọn mọ́ra rárá kí wọ́n tó lè to ara wọn. Ní 1957, Berni Alder àti Thomas Wainwright fi kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò bọ́ọ̀lù líle tí kò ní òòfà kankan, tí kò ní àtè, tí kò mọ̀ ju kó kọlu ẹlòmíràn kó sì ta padà lọ. Nígbà tí wọ́n fún wọn pọ̀ dé àyè kan, àwọn bọ́ọ̀lù náà to ara wọn lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n di kírísítálì. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ físíìsì ìgbà náà kò gbà. Báwo ni ètò ṣe máa wá láti inú ohun tí kò ní ìdí láti wà pa pọ̀?

Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ohun tí wọ́n ń pè ní ẹ́ńtírọ́pì, èyí tí ọ̀pọ̀ ìwé ilé ẹ̀kọ́ ń kọ́ wa pé ìdàrúdàpọ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Àlàyé yẹn kò pé tó. Ohun tí ẹ́ńtírọ́pì ń kà gan-an ni iye ọ̀nà tí àwọn nǹkan lè gbà wà. Bí a bá da bọ́ọ̀lù sínú àpótí láìtò wọ́n, wọn ò lè gbà ju bíi ìdá 64 nínú ọgọ́rùn-ún àyè tó wà níbẹ̀ lọ kí wọ́n tó há mọ́ra pátápátá. Bí a bá tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n lè gba ìdá 74. Ìyẹn ni pé, níbi tí èrò bá ti pọ̀, èyí tó wà láìtò há gádígádí, kò rí ibi yí sí. Èyí tó wà lẹ́sẹẹsẹ ní àyè díẹ̀ tirẹ̀ tó lè máa jó nínú rẹ̀. Bí àyè ijó ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni iye ọ̀nà tí gbogbo wọn lè gbà wà ń pọ̀ sí i. Òfin kan náà tí wọ́n ní ó ń da nǹkan rú ló ń to nǹkan.

Ní 1986, Peter Pusey àti William van Megen fi bọ́ọ̀lù ike tí wọ́n dà sínú ohun olómi fi hàn pé ohun tí kọ̀ǹpútà sọ rí bẹ́ẹ̀. Tí ike bá gba nǹkan bí ìdá 49 nínú ọgọ́rùn-ún àyè náà, kírísítálì á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Tó bá kọjá bí ìdá 54, gbogbo rẹ̀ á di kírísítálì. Ilẹ̀ ayé fúnra rẹ̀ sì ti ń ṣe é tipẹ́tipẹ́. Òkúta ópálì tí wọ́n ń wà ní Australia, tó ń tan àwọ̀ oríṣiríṣi bí a bá yí i sí ìmọ́lẹ̀, kò ní aró kankan nínú. Ní 1964 ni wọ́n fi máíkírósíkóòpù ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù wo inú rẹ̀, wọ́n sì rí bọ́ọ̀lù kéékèèké aláìlóǹkà, irú èròjà tó wà nínú gíláàsì, tí ìwọ̀n wọn bára dọ́gba, tí wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ láti ìgbà láéláé. Ìtò yẹn ló ń ṣa àwọ̀ inú ìmọ́lẹ̀ jáde.

Ìdánwò kan tún wà tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Ní 1995, Paul Chaikin àti William Russel, tí wọ́n jọ wà ní Princeton nígbà náà, fi kọ́lọ́ìdì wọn ránṣẹ́ sí òfuurufú nínú Columbia, ọkọ̀ tí Amẹ́ríkà fi ń gbé ènìyàn lọ sí gbalasa òfuurufú nígbà náà. Èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ lórí ilẹ̀ fún ohun tó lé ní ọdún kan kò tò, ó kàn há mọ́ra bíi gíláàsì. Irú rẹ̀ tó lọ sókè, níbi tí òòfà ilẹ̀ kò ti lè fà á sísàlẹ̀, di kírísítálì kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Chaikin yìí kan náà ló wá di alábàáṣiṣẹ́ Pine ní New York. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn méjèèjì ti mọra: ní 1988, wọ́n wà lára àwọn tó gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ láti fi ìmọ́lẹ̀ lésà mọ bí ohun inú kọ́lọ́ìdì tó funfun bíi mílíìkì ṣe ń rìn.

Kí ló dé tó fi jẹ́ dáyámọ́ńdì?

Ní 1987, Eli Yablonovitch àti Sajeev John, tí kálukú wọn ń dá ṣe tirẹ̀, gbé èrò kan jáde nínú ìwé. Wọ́n ní bí a bá lè to ohun èlò kan ní ọ̀nà tó gún, tí àlàfo tó wà láàárín ìtò rẹ̀ sì súnmọ́ gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀, àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ kan yóò di èèwọ̀ fún un. Àwọ̀ náà kò ní lè rìn nínú rẹ̀, ibi yòówù kó gbà wọlé. Ópálì ń gbìyànjú irú èyí, ṣùgbọ́n kò lè ṣe é dé ojú àmì: ó ń dí ọ̀nà kan, ìmọ́lẹ̀ á gba ọ̀nà mìíràn yọ. Ní 1990, Ho, Chan àti Soukoulis ní Yunifásítì Iowa State ṣe ìṣirò ìtò oríṣi mélòó kan, wọ́n sì rí i pé ìtò dáyámọ́ńdì ló ń dí gbogbo ọ̀nà. Láti ọjọ́ náà ni dáyámọ́ńdì ti di àléèbá àwọn oníkọ́lọ́ìdì.

Ìṣẹ̀dá tún ti ṣáájú wọn débẹ̀. Ní 2008, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Utah yẹ ìpẹ́ ara kòkòrò kan láti Brazil wò, Lamprocyphus augustus, tí ara rẹ̀ ń dán ní àwọ̀ ewé. Ìtò dáyámọ́ńdì ni wọ́n bá nínú ìpẹ́ rẹ̀.

Èrè wo ló wà nínú kí ìmọ́lẹ̀ ní èèwọ̀? Bí ìmọ́lẹ̀ kò bá lè wọ inú nǹkan kan rárá, a lè la ojú ọ̀nà tóóró kan síbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á sì máa gba ọ̀nà yẹn nìkan, á yí kọ́nà tó ṣe gbọnrangandan láìṣòfò. A lè há a mọ́ kọ̀rọ̀ kan. Ohun tí wáyà ń ṣe fún iná mọ̀nàmọ́ná ni èyí máa ṣe fún ìmọ́lẹ̀.

Ẹ wo íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹ fi ń ka ọ̀rọ̀ yìí. Ìmọ́lẹ̀ ló ń gbé e wá láti òkè òkun, nínú okùn gíláàsì tó gba ìsàlẹ̀ òkun gúnlẹ̀ sí Èkó. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀hún kì í ṣe irú èyí tí ojú ń rí, gígùn ìgbì rẹ̀ tó bíi nanomítà 1,550. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, tí mẹ́rin nínú àwọn okùn wọ̀nyí bàjẹ́ nítòsí Abidjan, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n bí ìmọ́lẹ̀ bá ti gúnlẹ̀, a ó sọ ọ́ di iná mọ̀nàmọ́ná kí kọ̀ǹpútà tó lè fi ṣiṣẹ́, a ó sì tún sọ ọ́ padà di ìmọ́lẹ̀ bó bá ń lọ. Gbogbo ìyípadà yìí ń jẹ iná, ó ń mú ooru wá. Àjọ àgbáyé tó ń rí sí agbára, IEA, ṣírò rẹ̀ pé àwọn ilé ńlá tí wọ́n kó kọ̀ǹpútà íńtánẹ́ẹ̀tì jọ sí lo nǹkan bíi terawáàtì-wákàtí 415 ní 2024, èyí tó jẹ́ bí ìdá kan ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún iná gbogbo ayé, ó sì ń lọ sókè nítorí ọ̀rọ̀ AI, ọgbọ́n àtọwọ́dá. Àwọn tó ń wá kírísítálì ìmọ́lẹ̀, ìyẹn ìtò tó ń ka ìmọ́lẹ̀ léèwọ̀, nírètí pé lọ́jọ́ kan, ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ á máa ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ tí iná ń ṣe nínú àwọn ilé yẹn. Ìrètí tó ní ìdí ni. Ẹni tó bá sọ fún yín pé fóònù tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ronú ti fẹ́ dé ọjà, ẹ má gbà á gbọ́.

Ìdí tí bọ́ọ̀lù kò fi fẹ́ di dáyámọ́ńdì

Bọ́ọ̀lù tí a fi sílẹ̀ á wá ibi tí èrò pọ̀ sí. Nínú ìtò tí bọ́ọ̀lù fúnra wọn yàn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fara kan méjìlá mìíràn. Nínú dáyámọ́ńdì, mẹ́rin péré ló ń fara kàn, ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún àyè ló sì gbà. Òfìfo ni ìyókù. Ta ló máa sọ fún bọ́ọ̀lù pé kó fi àyè tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ kó sì dúró láìwó?

Ọ̀nà kan tó wà ni kí a ṣe ìṣùpọ̀ tó ní ojú mẹ́rin tó ń lẹ̀, tí ibòmíràn lára rẹ̀ kò sì ní lẹ̀ rárá. Ẹ fojú inú wo òkúta ààrò mẹ́ta tí wọ́n sún mọ́ra, tí wọ́n wá gbé ẹ̀kẹrin lé orí wọn láàárín. Ìrísí yẹn gan-an ni: orí mẹ́rin, ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin, níbi yòówù kí ẹ yí i sí, bákan náà ló rí. Ní 2003, Pine pẹ̀lú Vinothan Manoharan àti Mark Elsesser ti fi hàn bí a ṣe lè mú bọ́ọ̀lù ike mẹ́rin so pọ̀ lọ́nà yìí, nípa kíkó wọn sínú ẹ̀kán òróró, kí òróró náà wá gbẹ díẹ̀díẹ̀ títí tí wọ́n á fi fún mọ́ra.

Ìyẹn yanjú ìrísí. Àtè ńkọ́? DNA, okùn tíńtín tó ń gbé àbùdá nínú ara ohun abẹ̀mí, ni wọ́n fi ṣe àtè. Láti 1996 ni ẹgbẹ́ Chad Mirkin ní Northwestern àti ẹgbẹ́ Paul Alivisatos ní Berkeley ti fi hàn pé a lè so okùn DNA mọ́ ara ohun kéékèèké, kí okùn yìí sì mọ ìkejì rẹ̀, torí pé nínú èròjà mẹ́rin tó ń tò di DNA, tí wọ́n ń pè ní A, T, G àti C, A kì í bá ẹlòmíràn so bí kò ṣe T, G kì í sì í bá ẹlòmíràn so bí kò ṣe C. Ó tún ní àǹfààní pé tí a bá gbé e gbóná díẹ̀, okùn á tú; tó bá tutù, á tún so. Lórí ìwé, ó dùn. Nínú omi, ọ̀pọ̀ ọdún ni bọ́ọ̀lù tó tó máíkírọ́ọ̀nù kan fi ń lẹ̀ mọ́ra gẹ̀ẹ́ níbi tí wọ́n bá ti kọ́kọ́ fara kanra, tí wọn ò sì lè yí kúrò. Ìṣùpọ̀ jákujàku ni wọ́n ń rí, kì í ṣe kírísítálì. Ní 2015, ilé iṣẹ́ ìwádìí Pine kéde ojútùú rẹ̀: kí okùn DNA pọ̀ gan-an, kó kúnra dọ́gba, kí ara bọ́ọ̀lù sì jọ̀lọ̀, kó lè máa yí lára ìkejì rẹ̀ títí yóò fi bọ́ sí ipò tó tọ́. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ ijó tí mo ní ká di mú. Àtè tó bá lágbára jù ń pa ijó, bí ijó bá sì kú, ètò kò ní sí.

Ó tún wá ku ìṣòro kan tó burú jù. Ká tiẹ̀ ní ìṣùpọ̀ wa ní ojú mẹ́rin tó ń lẹ̀ dáadáa, tí ojú kan pàdé ojú kan. Ìṣùpọ̀ méjèèjì ṣì lè yí lórí ìsopọ̀ yẹn. Orí mẹ́ta tó kù lára tìhín lè kọjú sí orí mẹ́ta tara tọ̀hún gbọngbọn, tàbí kí wọ́n wọ àlàfo ara wọn. Dáyámọ́ńdì tí wọ́n ń wá, gbogbo ìsopọ̀ rẹ̀ ni kó jẹ́ èyí tó ń wọ àlàfo. Bí díẹ̀ bá kọjú síra, díẹ̀ bá wọ àlàfo, àdàlù ló máa jáde. DNA kò sì lè ran ènìyàn lọ́wọ́ níbí, torí pé so ni iṣẹ́ tirẹ̀, kò mọ ọ̀nà tí wọ́n kọjú sí.

Ohun tí Mingxin He rí

Akẹ́kọ̀ọ́ ni Mingxin He nínú ilé iṣẹ́ ìwádìí náà nígbà tí ojútùú yìí yọjú. Báyìí ni wọ́n ń ṣe é. Wọ́n á kó bọ́ọ̀lù mẹ́rin tí wọ́n fi pólísítáírínì, irú ike kan, ṣe yí ẹ̀kán òróró kan ká, òróró á wà láàárín, bọ́ọ̀lù mẹ́rin á yí i po. Wọ́n á wá da èròjà kan sí i tó ń mú ike rọ̀ díẹ̀. Bí ike ṣe ń rọ̀, bọ́ọ̀lù mẹ́rin náà ń fún wọnú ara wọn, òróró àárín kò sì ní ibi sá sí mọ́, á wá ti àlàfo ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yọ síta. Bó ṣe yọ yẹn ni wọ́n á mú un le, wọ́n á sì so okùn DNA mọ́ ibẹ̀ nìkan. Ojú tó ń lẹ̀ mẹ́rin ló dé yìí, a kò sì fi ọwọ́ ya ọ̀kankan nínú wọn.

Bí ó ṣe ń ṣe wọ́n lọ, ó ṣàkíyèsí pé nǹkan kan wà nínú ìrísí wọn tó yàtọ̀ sí bí ó ṣe yẹ. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó, wọ́n ya gbogbo ọ̀nà tí irú ìṣùpọ̀ bẹ́ẹ̀ lè gbà pàdé ara wọn sórí ìwé. Ọ̀kan nínú àwòrán náà ló tú àṣírí. Bí ojú tó ń lẹ̀ bá rì sínú díẹ̀, tí kò yọ kọjá ara bọ́ọ̀lù, ojú méjì kò ní lè fara kan ara wọn àfi tí bọ́ọ̀lù tìhín bá kọ́kọ́ wọ àlàfo bọ́ọ̀lù tọ̀hún. Bí wọ́n bá kọjú síra gbọngbọn, bọ́ọ̀lù á di bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, okùn DNA kò ní dé ibi tí ìkejì rẹ̀ wà. Ìrísí wọn fúnra rẹ̀ ló ń dí ìsopọ̀ tí kò tọ́ lọ́nà, tó sì ń jẹ́ kí èyí tó tọ́ ṣeé ṣe. Kò sí òfin mìíràn tí wọ́n ní láti fi kún un.

Wọ́n gbé e gbóná, wọ́n mú un tutù ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, dáyámọ́ńdì sì yọ. Nígbà tí wọ́n fa omi kúrò, kò wó. Étienne Ducrot láti Bordeaux ní Faransé àti Gi-Ra Yi láti South Korea wà nínú iṣẹ́ náà, pẹ̀lú Stefano Sacanna ní New York. Ọ́fíìsì ìwádìí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà sì wà lára àwọn tó náwó sí i.

Lójú tèmi, ibi tí iṣẹ́ yìí ti tóbi jù nìyí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé bí nǹkan bá máa díjú, àṣẹ tí a máa fún un gbọ́dọ̀ díjú. Pine àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò fún ìṣùpọ̀ náà ní àṣẹ kankan. Wọ́n kàn ṣe ìrísí rẹ̀ débi pé àṣìṣe kò ní ibi tó máa gbà wọlé.

Ohun tó kù

Ike ni, ibẹ̀ sì ni wàhálà wà. Kí kírísítálì tó lè ka ìmọ́lẹ̀ léèwọ̀, ohun tí a fi ṣe é gbọ́dọ̀ lè dẹ ìmọ́lẹ̀ lẹ́sẹ̀ gan-an. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba inú pólísítáírínì kọjá ń falẹ̀ ní ìlọ́po bíi 1.6. Fún ìtò dáyámọ́ńdì, ó gbọ́dọ̀ tó bíi 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Sílíkọ́nì tó bíi 3.5, títáníọ́mù díókísáìdì náà kọjá 2 dáadáa. Nítorí náà, dáyámọ́ńdì ike yìí ṣì jẹ́ ẹ̀dà tí a máa fi rọ èyí tó gidi: kí a da ohun tó ń dẹ ìmọ́lẹ̀ lẹ́sẹ̀ sínú òfìfo rẹ̀, kí a sì sun ike náà dànù.

Ibi yìí ni àwọn ará Munich ti gba ọ̀nà mìíràn ní 2024. Gregor Posnjak, Tim Liedl àti àwọn ẹgbẹ́ wọn kò lo bọ́ọ̀lù ike rárá. DNA fúnra rẹ̀ ni wọ́n ká pọ̀ di èèkàn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, tí wọ́n jẹ́ kí ó to ara rẹ̀ sí ìtò dáyámọ́ńdì tí àlàfo rẹ̀ jẹ́ nanomítà 170, tí wọ́n sì wá fi títáníọ́mù díókísáìdì bò ó. Èèwọ̀ náà fara hàn, ní apá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti kọjá àwọ̀ àlùkò tí ojú ń rí. Ìwé ìròyìn Science ló gbé e jáde, pẹ̀lú iṣẹ́ mìíràn tó jọ ọ́ láti ọwọ́ Petr Šulc àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Inú mi dùn sí i púpọ̀. Ṣùgbọ́n DNA wọ́n, iye tí a ń rí mú jáde lẹ́ẹ̀kan kò sì tó nǹkan, nígbà tí ike pọ̀ lọ jàra. N kò tíì rí ìdí tí ọ̀kan á fi ní láti pa èkejì jẹ.

Ọ̀nà tó rọrùn náà wà. Ní ọdún 2020 kan náà, ẹgbẹ́ Sacanna fi hàn pé bọ́ọ̀lù tó ní agbára iná tó tako ara wọn lè di kírísítálì nínú omi iyọ̀, láìlo DNA rárá. Ohun tó kàn mí nínú ìyẹn ni owó. Ilé ẹ̀kọ́ wa kò ní ẹ̀rọ tó ń hun DNA káàkiri, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ike, iyọ̀ àti máíkírósíkóòpù tó dára, wọ̀nyẹn kò kọjá agbára ẹ̀ka ìmọ̀ físíìsì tó bá múra. Apá ìṣirò tiẹ̀ tún sún mọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Sharon Glotzer ní Yunifásítì Michigan àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi kọ̀ǹpútà yẹ ìrísí 145 wò ní 2012 láti mọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa ń tò dà, HOOMD-blue, ètò kọ̀ǹpútà fún irú ìṣirò báyìí tí ilé iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ ń bójú tó, sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ní kọ̀ǹpútà tó lágbára díẹ̀ àti iná tí kò ń ṣẹ́jú lè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Mo mọ̀ pé iná yẹn ló máa ń le jù.

Ìbéèrè tó tóbi jù tó ṣẹ́kù ni ti àléébù. Kírísítálì tí kò ní àléébù kankan ń lé ìmọ́lẹ̀ sẹ́yìn ni, kò lè darí rẹ̀ síbì kankan. Kí ó tó lè wúlò bíi wáyà, a gbọ́dọ̀ fi àléébù sí i níbi tí a fẹ́: kí ìlà kan ṣófo láti ẹnu ọ̀nà dé ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń lọ, kí kọ̀rọ̀ kan ṣófo níbi tí a fẹ́ há a mọ́. Ohun tí ènìyàn bá fi ọwọ́ gbẹ́, a lè sọ fún un ibi tó máa fi sílẹ̀. Ìṣùpọ̀ tó ń to ara rẹ̀ nínú omi kò mọ ibi tó wà nínú odindi náà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rin nìkan ló mọ̀. Àwọn kan ń ronú láti gbẹ́ ojú ilẹ̀ tí kírísítálì máa hù lé lórí kó lè tọ́ ọ sọ́nà, àwọn mìíràn ń ronú láti fi lésà yọ ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn tó bá tò tán. Títí di ìsinsìnyí, kò tíì sí ẹni tó rí i ṣe nínú dáyámọ́ńdì ike ti New York.